Nọ́ńbà ni orúkọ sójà: ìdáhùn fún Ìyá Kẹ́hìndé, Ìgbógbó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà, wọ́n sì padà wálé. Wọ́n ní Haúsá ni wọ́n máa ń sọ tí inú bá ń bí wọn. Àbúrò bàbá mi lọ sí ogun Biafra, òun ò padà. Port Harcourt ni lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn ti wá. Nígbà tí a ń tún yàrá màmá àgbà ṣe, a rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: mẹ́dà mẹ́ta, bọ́tìnnì méjì, fọ́tò kan, àti ìwé kan tí ikán ti jẹ létí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní kápítẹ́nì ni bàbá. Òmíràn ní kúùkù ni wọ́n. Mo tẹ orúkọ àwọn méjèèjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì títí, mi ò rí nǹkan kan. Ọmọ mi wá bi mí bóyá ìtàn lásán ni wọ́n ń sọ fún wa nílé. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kì í ṣe ìtàn lásán. Mo ti wo àwọn àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ wọ́n lójú fóònù, mo tún wò wọ́n láàárọ̀ yìí nígbà tí ojú mi mọ́lẹ̀ dáadáa. Bàbá dé Bọ́mà. Àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá ń jẹ́rìí sí i. Ohun tó dé ni pé orúkọ tí ẹ ń wá kọ́ ni àwọn sójà kọ sílẹ̀, ibi tí ẹ sì ti ń wá a, àwọn tó kú ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti orúkọ ṣáájú, torí òun ló ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú. Nígbà ogun Hítílà, tí ọmọkùnrin kan bá lọ wọṣẹ́ sójà, akọ̀wé á bi í pé kí lorúkọ rẹ. Á ní Làsísì. Làsísì ta ni? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní orúkọ tí à ń pè ní sọ́nẹ́èmù lónìí. Wọ́n mọ orúkọ bàbá wọn, wọ́n mọ oríkì ilé wọn, wọ́n mọ àdúgbò tí wọ́n bí wọn sí. Akọ̀wé ò ráyè gbọ́ oríkì. Ìlú tí onítọ̀hún ti wá ni wọ́n á fi tì í lẹ́yìn: Làsísì Ìbàdàn, Bélò Ìlọrin, Audu Kánò. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìgbógbó ṣe lè di Ìkòròdú nínú ìwé ìjọba, tí ọmọ ìyá rẹ̀ sì lè di Ìjẹ̀bú, nítorí pé Ìjẹ̀bú-Òde lòun ti forúkọ sílẹ̀. Ohun tí akọ̀wé bá sì fi etí gbọ́ ló ń kọ. Jinádù lè di Junadu, ó lè di Ginado. Ẹlòmíì tilẹ̀ wà tó sá nílé lọ wọṣẹ́, tó mọ̀ọ́mọ̀ pe orúkọ mìíràn kí bàbá rẹ̀ má baà wá mú un padà.

Nọ́ńbà ni wọn ò ṣe àṣìṣe sí. Ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú Royal West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, NA ni nọ́ńbà tirẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, GC ni. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń sanwó fún un, òun ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọsibítù, òun ni wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Tí ẹ bá di nọ́ńbà bàbá mú, ẹ ti di bàbá mú.

Ó yá, ẹ gbé mẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí aṣọ funfun kan, ká jọ wò wọ́n. Ẹ má fi omi ọsẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ má fi eérú bó wọn. Méjì ló ní igun mẹ́fà bí ìràwọ̀, ìkẹta rí rìbìtì. Láàárín àwọn oníràwọ̀ ẹ ó rí adé, ẹ ó rí lẹ́tà G, R àti I tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn pẹ̀lú VI. Ọba George Kẹfà nìyẹn. Orúkọ mẹ́dà ni wọ́n wá kọ yí i po. Èyí tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ búlúù dúdú, tí ìlà pupa gbòòrò gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì wà nínú búlúù lọ́tùn-ún lósì, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i kà: THE BURMA STAR. Wọn kì í fún ẹni tó jókòó sí bárékè Èkó ní mẹ́dà yẹn. Ẹni tó bá dé agbègbè ogun náà ló ń gbà á. Ìràwọ̀ kejì, tí aṣọ rẹ̀ pín sí mẹ́ta gbọọrọ, búlúù dúdú, pupa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, 1939–45 Star ni. Èyí tó rí rìbìtì, orí ọba ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ yí i padà, kìnnìún kan ló dúró lé ẹranko olórí méjì lórí. War Medal nìyẹn.

Kò sí orúkọ kankan lára wọn, àbí? Mo mọ̀ pé ẹ ti yẹ etí wọn wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn rí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára mẹ́dà ogun yẹn fún àwọn sójà tiwọn gan-an, áḿbọ̀sìbọ́sí fún tiwa. Mo ti rí ìdílé tó ta mẹ́dà bàbá wọn fún alágbẹ̀dẹ nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn pé èyí tí kò ní orúkọ, ayédèrú ni. Ó dùn mí títí dòní.

Ohun kan tún wà tí àpótí náà sọ nípa pé kò sí níbẹ̀. Kò sí Africa Star, tí aṣọ tirẹ̀ dà bí àwọ̀ yanrìn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ bá àwọn Ítálì jà ní 1941, tí wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún náà, tí wọ́n sì já òkè Marda gbà ní oṣù kẹta, àwọn ló ń gba ìyẹn. Bárékè Marda tó wà ní Yábàá, ibi òkè yẹn lorúkọ rẹ̀ ti wá. Bàbá yín ò sí lára àwọn tó lọ ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀.

Igi ọ̀pẹ tó wà lára bọ́tìnnì yẹn, àmì Frontier Force ni. Àmọ́ fọ́tò ló mú mi jí dìde lórí àga. Bàbá dé fìlà etí gbòòrò tí wọ́n ká apá kan rẹ̀ sókè, irú èyí tí wọ́n ń dé ní Bọ́mà. Ẹ wo apá wọn nísàlẹ̀ èjìká. Aṣọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju aṣọ tó kù lọ. Nǹkan bí igi méjì dábùú ara wọn lórí rẹ̀, nǹkan róbótó kan sì wà láàárín wọn. Ọ̀kọ̀ méjì ni. Nǹkan róbótó náà, òṣùká ni, òṣùká tí alárù ń gbé sórí. Ẹni tó bá wà ní Dìfíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ogun ńlá wọn, ló ń lẹ òṣùká mọ́ apá. Aláǹtakùn ni ti Dìfíṣọ̀n 81.

Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ sí ogun apá Éṣíà yẹn. Wọ́n dá Dìfíṣọ̀n 81 sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1943, wọ́n dá 82 sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ọ̀pẹ̀lẹńgẹ́ ọmọkùnrin tí kò rékọjá ọ̀sà Èkó rí wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Láti Íńdíà ni 82 ti wọ Arakan, etíkun Bọ́mà, ní òpin 1944. Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì pátápátá sí ojú ọmọ Ìkòròdú. Ẹrẹ̀, ẹ̀gbà létí omi, ọ̀sà tó ń kún tó ń fà. Òkè olóòró tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jọ tiwa, òjò ibẹ̀ kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Kò sí ọ̀nà mọ́tò ní ibi púpọ̀. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí bàbá rìn, ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́nu géètì bárékè wa. Kalapanzin ní Kàdúná: àfonífojì tí Dìfíṣọ̀n 82 gbà sọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1944. Dalet, Kàdúná náà: ibi tí wọ́n ti jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945. Letmauk ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn: ibẹ̀ le fún wọn gan-an. Arakan ní Àpápá, orúkọ gbogbo etíkun yẹn ni. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n rò pé orúkọ Haúsá ni. Dìfíṣọ̀n 81 àti 82 tí a ní nínú ọmọ ogun Nàìjíríà lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí ni wọ́n ti jogún nọ́ńbà wọn.

Ní ti kápítẹ́nì, ẹ rọra bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín sọ ọ́. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ ṣe ọ́físà, ọmọ Gold Coast ni, Seth Anthony. Ní Nàìjíríà, ó di 1948 kí L. V. Ugboma tó gba tirẹ̀, ogun sì ti parí láti 1945. Ipò tó ga jù tí sójà Nàìjíríà ń dé nígbà náà ni sájẹ́ǹtì-méjọ̀. Chari Maigumeri, akọni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, ti kọ́kọ́ jà fún àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ó wá bá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti ní Bọ́mà. Títí ogun fi parí, ibi sájẹ́ǹtì-méjọ̀ náà ni wọ́n fi òun mọ. Ìwà àìṣòdodo ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i, nísàlẹ̀ òṣùká yẹn. Ìlà méjì tó tẹ̀ bí orí ọfà wà níbẹ̀. Kọ́pọ̀rà ni wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọ́pọ̀rà ni bàbá ń sọ tí etí ọmọdé fi gbọ́ kápítẹ́nì.

Kúùkù ńkọ́? Kọ́pọ̀rà lè jẹ́ kúùkù, àmọ́ ó jọ pé ẹni tó sọ ọ́ fún yín fẹ́ fi bàbá wọ́lẹ̀. Ẹ má gbà fún un. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń yìnbọn. Ara àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni, Dìfíṣọ̀n 81. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáánù da ìbọn bò wọ́n létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn, àwọn tó yí i ká kú. Òun àti ọmọ Sàró (Sierra Leone) kan, David Kargbo, ló kù sínú igbó. Àwọn ará abúlé kan ló ń gbé ìrẹsì fún wọn ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, kí wọ́n tó rí wọn gbà padà ní oṣù Kejìlá. Fadoyebo padà sílé, ó pẹ́ láyé, 2012 ló tó jáde láyé. Ẹni tó ń di ọgbẹ́, ẹni tó ń ru ẹrù, ẹni tó ń se ìrẹsì, ibi kan náà ni gbogbo wọn sùn.

Haúsá tí bàbá ń sọ tí inú bá ń bí wọn, ẹ̀rí ni ìyẹn náà. Haúsá ni èdè tó gbilẹ̀ jù láàárín àwọn sójà Nàìjíríà nígbà náà, Yorùbá inú wọn sì ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kan Ìkòròdú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ń ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn láti 1863, nígbà tí John Glover, ọ̀gá sójà ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn Haúsá díẹ̀ jọ ní Èkó. Kò ju ọdún méjì lọ tí àwọn Haúsá Glover yìí, pẹ̀lú àwọn sójà West India Regiment, fi wá jà ní Ìkòròdú wa níbí, ní oṣù kẹta 1865, tí wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti ìlú. Kí wọ́n tó bí bàbá yín, ìlú yìí ti gbọ́ Haúsá lẹ́nu sójà.

Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ ti wá orúkọ bàbá, bí mo ṣe rí i nínú àwòrán yín, ti Commonwealth War Graves Commission ni. Ibi gidi ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ àwọn tó kú lójú ogun ló wà níbẹ̀. Ní Taukkyan ní Bọ́mà, orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 ni wọ́n kọ sára òpó fún àwọn tí kò ní sàréè. Bàbá yín wálé, wọ́n bímọ, wọ́n sì kú sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká bá orúkọ wọn níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lọ ni Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Abẹ́ Kọ́lónì Èkó ni Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wo fáìlì Comcol, ìyẹn ti Commissioner of the Colony, ti ọdún 1939 sí 1947. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ mú pẹ́ńsù lọ, ẹ má mú bíírò. Èkejì wà ní Kew, ní ìlú London: ìwé ojoojúmọ́ tí bàtálíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ sójà kékeré inú dìfíṣọ̀n, ń kọ lójú ogun, WO 172 ni nọ́ńbà tí wọ́n tò wọ́n sí. Orúkọ kọ́pọ̀rà ò ní pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ bàtálíọ̀nù bàbá, ẹ ó mọ ibi tí wọ́n sùn lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ti àbúrò bàbá yín ló wúwo lọ́kàn mi. Ogun Biafra, ibi ìwé lẹ ó gbà wá a, kì í ṣe orí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì lẹ́tà náà. Third Marine Commando ti Benjamin Adekunle, ẹ̀ka ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí ó jẹ́ Lagos Garrison Organisation tẹ́lẹ̀, ló gba ojú omi lọ: Bonny ní oṣù keje 1967, Calabar ní oṣù Kẹ̀wá, Port Harcourt ní oṣù karùn-ún 1968. Nítorí náà, tí sójà bá kọ lẹ́tà láti Port Harcourt, ẹ̀yìn oṣù karùn-ún yẹn ni, àfàìmọ̀ kó má sì jẹ́ pé abẹ́ Adekunle ló wà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Aba àti Owerri ní oṣù kẹsàn-án. Owerri ni Biafra ti dó tì wọ́n, tí wọ́n sì gbà á padà ní oṣù kẹrin 1969. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló sọnù láàárín oṣù méje yẹn. Tí lẹ́tà rẹ̀ bá dáwọ́ dúró nígbà náà, ẹ ó mọ apá ibi tí ẹ ó kọjú sí bí ẹ bá ń gbàdúrà fún un.

Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn àpò lẹ́tà. Sójà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá rí 67NA, ọdún 1967 ló wọṣẹ́ nìyẹn. Ẹ gba ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Ìkòròdú lọ, Lígíọ̀nù, kí wọ́n bá yín kọ̀wé sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn sójà sí ní Lọ́kọ́ja, àti sí Military Pensions Board ní Àbújá. Ẹ bi wọ́n ní ohun kan pàtó: orúkọ ta ló fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù? Ibẹ̀ ni ìwé sójà àti ìdílé rẹ̀ ti ń pàdé. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lábẹ́ tábìlì.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ jókòó ti màmá àgbà. Ẹ tan fóònù, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má da ìbéèrè bò wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ti bàbá, bóyá wọ́n tún pè wọ́n ní 1967, torí ìjọba pe àwọn sójà àtijọ́ padà ní ọdún yẹn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ọmọ wọn kúrò nílé fún yín: kí ló jẹ, aṣọ wo ló wọ̀, ta ló sìn ín dé gáréèjì. Ìyẹn ò sí nínú fáìlì Lọ́kọ́ja.

Ó wá ku ìwé tí ikán jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún àwọn tó ń fi rọ́bà bo ìwé. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé bàbá mi lọ fún wọn, ní ọdún tí mo rò pé mo ń tọ́jú rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ náà bà á jẹ́ níwájú mi, mo sì ti san owó. Àárín bébà funfun méjì ni kí ẹ tẹ́ tiyín sí, kí ẹ fi ìwé tó wúwo lé e.

Mo rí NA lápá òsì òkè rẹ̀, mo sì rí nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ketekete. Èyí ti tó fún Ìbàdàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo rí N.R., Nigeria Regiment, pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo níwájú rẹ̀ tí omi ti fọ orí rẹ̀. Ìrù rẹ̀ nìkan ló kù. Nínú Dìfíṣọ̀n 82, ó lè jẹ́ bàtálíọ̀nù 3, ó lè jẹ́ 5, ó lè jẹ́ 9. Táípù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, táípù sì máa ń tẹ bébà wọnú kódà tí tádàwà bá ti lọ. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó ga, ẹ tẹ́ ìwé náà sẹ́nu fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, kí ọmọ yín tí ojú rẹ̀ mọ́ tẹjú mọ́ orí nọ́ńbà yẹn. Tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì gún sísàlẹ̀ lápá òsì, 5 ni. Tó bá rí róbótó tó sì padé, 9 ni. Tó bá kọ́ tó sì là lápá òsì, 3 ni. Kó yà á, kó fi ránṣẹ́ sí mi.